Ṣòkòtò Méjì fún Apínlẹ́tà

Ọjọ́ kẹfà oṣù kejì, ọdún kejì ogun

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí màmá mi, mo kí àwọn máṣíìnì yín náà, torí mo mọ̀ pé bí mi ò bá kí wọn, ẹ ó bi mí. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀? Àwa níbí wà dáadáa. Ogun ti mú kí búrẹ́dì kéré sí i, ó sì ti mú kí ìlà tí èèyàn ń tò kó tó rí i gùn sí i, ṣùgbọ́n yàrá wa kan náà la ṣì wà, pẹ̀lú fèrèsé kan náà tí kì í tì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán ṣòkòtò méjì fún ọkọ mi. Èyí tí póòsì fún un láti fi máa pín lẹ́tà ti gbó, kò sì sí aṣọ lọ́jà mọ́, àwọn ológun ti kó gbogbo rẹ̀. Ẹ lo aṣọ tó nípọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ jù, kó má baà wọ ṣéènì kẹ̀kẹ́. Ìwọ̀n rẹ̀ nìyí: ìbàdí, íǹṣì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n; ìdí, mọ́kànlélógójì; gígùn ẹsẹ̀, mẹ́tàdínlógójì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi téèpù wọ̀n ọ́n.

Ó ní kí n kí yín. Ìbá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà méjì sísàlẹ̀ bó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ti jáde. Iṣẹ́ pọ̀ fún un lásìkò yìí. Èmi ṣì ń lọ aṣọ nílé alágbàfọ̀, mo sì ṣì ń jó kọ́là ẹ̀wù oníbàárà.

Èmi ni ọmọ yín tó ń fojú sọ́nà.


Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á, mo nu gíláàsì mi, mo tún un kà. Kí ló ń ṣe ọkọ rẹ?

Má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Èmi ni mo rán kóòtù àti ṣòkòtò tó wọ̀ lọ́jọ́ tó wá gbé ọ níyàwó. Ìbàdí rẹ̀ nígbà yẹn jẹ́ íǹṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ìdí rẹ̀ sì dà bí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó tẹ́jú láti òkè délẹ̀. Báwo ni ìbàdí ọkùnrin ṣe ń rù tí ìdí rẹ̀ ń sanra? Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ti fi íǹṣì mẹ́rin kúrú. Ogójì ọdún ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, n kò tíì rí ọkùnrin tí ogun gé kúrú láìjẹ́ pé ó lọ sójú ogun.

Mo lọ bá apoògùn tó wà ní ìkángun òpópó wa. Mo kọ ìwọ̀n náà sórí ìwé fún un. Ó wò ó títí, ó wá bi mí pé ṣé aboyún ni. Mo fi ìbínú kúrò níwájú rẹ̀.

Ṣòkòtò náà ló wà nínú ẹrù yìí. Mo fi íǹṣì méjì pamọ́ sínú ojú rírán ìdí rẹ̀, bí wíwú náà bá tún pọ̀ sí i, kí o lè tú u. Ìyá rẹ wo ìwọ̀n náà, ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu. Ẹ̀rín ló ń rín bó ti ń sọ ọ́. Mi ò mọ ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín nínú àìsàn ọmọ ọlọ́mọ.

Níhìn-ín, ogun ti dé ṣọ́ọ̀bù mi. Kò gbé ìbọn wá, ìwé ló gbé wá. Ìjọba ń fẹ́ igba ṣòkòtò ọmọ ogun lóṣooṣù. Lọ́sẹ̀ kan náà, wọ́n mú méjì nínú àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ń bá mi ránṣọ. Ẹnì kẹta fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀, ó ní ó sàn kí òun wọ ṣòkòtò náà ju kí òun rán igba rẹ̀ lọ. Ó wá ku èmi nìkan. Ìyá rẹ ní òun lè bá mi gé aṣọ. Mo ní kó lọ gé àlùbọ́sà.

Sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ fún mi. N kò lè sùn dáadáa.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ṣòkòtò dé, ó sì bá mi mu. Ẹ kà á dáadáa: èmi ló bá mu. Èmi ni mo ni ìdí mọ́kànlélógójì.

Ó ti di oṣù mẹ́jọ tí ọkọ mi ti kúrò nílé. Gbogbo ọkùnrin póòsì tí kò tíì pé ogójì ọdún ni wọ́n kó lọ sójú ogun, ó wà lára wọn. Mo fi pamọ́ torí mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ ó ní kí n di ẹrù mi kí n máa bọ̀. N kò sì fẹ́ kó dé lọ́jọ́ kan kó bá yàrá tó ṣófo.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, lẹ́tà kún ilẹ̀ póòsì dé orúnkún. Ọ̀gá ibẹ̀, tí à ń pè ní Oníjìgì torí pé gíláàsì méjì ló máa ń lò, ọ̀kan lójú, ọ̀kan níwájú orí, lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé òun ń wá obìnrin, fún ìgbà díẹ̀. Mo lọ. Ó bi mí pé, “Ṣé o mọ kẹ̀kẹ́ gùn?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni sà.” Bàbá, n kò gun kẹ̀kẹ́ rí láti ọjọ́ tí ẹ ti bí mi.

Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni mo fi ti kẹ̀kẹ́ náà láti ilé àkọ́kọ́ dé ilé ìkẹyìn, bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ rìn. Ní ọjọ́ keje, mo sọ fún ara mi pé ojú ti tì mí tó báyìí. Mo gùn ún lórí ìdàgẹ̀rẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì mi wọ ṣéènì, ìdajì rẹ̀ dúró lọ́dọ̀ kẹ̀kẹ́, ìdajì tó kù bá mi dé inú gọ́tà. Ìyá àgbàlagbà kan yọ orí lójú fèrèsé àjà kẹta, ó ní, “Ìwọ obìnrin yìí, ṣé lẹ́tà tèmi náà ti bá ọ ṣubú?”

Mo fi ọwọ́ kan di síkẹ́ẹ̀tì mú, mo fi ọ̀kan gbé lẹ́tà gun àtẹ̀gùn lọ bá a. Ó fún mi ní pín-ìnnì láti fi so síkẹ́ẹ̀tì náà. Ó ní, “Ọkùnrin tó ń gbé e wá tẹ́lẹ̀ kì í gòkè. Ìsàlẹ̀ ló máa ń jù ú sí.”

Mo ní, “Ọkọ mi ni.”

Ó ní, “Kí o bá mi bá a wí.”

Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé ṣòkòtò ni mo máa wọ̀. Àwọn obìnrin mìíràn ní òpópó náà ń rẹ́rìn-ín mi. Ọkùnrin aṣebàtà kan bi mí pé ṣé mo ti jí aṣọ ọkọ mi ni. Àmọ́ Ìyá Àjà Kẹta ní ó yẹ mí, àyàfi ibi ìdí tó fún jù díẹ̀. Mo ti bá yín tú íǹṣì méjì yẹn sílẹ̀.

Irọ́ tí mo pa ń dùn mí. Ẹ bínú, ṣùgbọ́n ẹ fèsì.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Oṣù mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ẹ kò fèsì. Àǹfààní tó wà nínú iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni pé èmi gan-an ni mo máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ kò kọ̀wé. Láràárọ̀ ni mo ń yẹ òkìtì lẹ́tà wò, tí mo ń wá ọwọ́ ìkọ̀wé yín tó máa ń tẹ̀ sápá kan. Lẹ́yìn náà ni mo ń gbé tàwọn ẹlòmíì lọ fún wọn.

Wọn kì í rẹ́rìn-ín ṣòkòtò mi mọ́. Ì bá wù mí kí wọ́n ṣì máa rín in. Wáyà ló fà á, ìwé pélébé tí ìjọba fi ń sọ fún ẹbí pé ọmọ ogun ti kú tàbí pé ó fara gbọgbẹ́. Bí mo bá ti yọ lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n á kúrò lójú fèrèsé. Aṣebàtà tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kì í wo ẹsẹ̀ mi mọ́, ọwọ́ mi ló ń wò. Ọmọkùnrin méjì ló ní lójú ogun.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo ń to lẹ́tà láàárọ̀, mo rí wáyà kan. Orúkọ mi ló wà lára rẹ̀.

Oníjìgì rí ojú mi. Ó fa àga, ó ní, “Jókòó, tú u.”

Mo ní, “Ilé wa ló kẹ́yìn lójú ọ̀nà mi, sà.”

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀ ni mo ti ń pẹ́, tí mo ń fi lẹ́tà ẹnì kan fún ẹlòmíì, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo wá fẹ́ di òṣìṣẹ́ tó ń pa òfin mọ́. Mo fi wáyà náà sísàlẹ̀ àpò. Ilé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mo dé kí n tó dé tèmi. Gíláàsì Ìyá Àjà Kẹta ti fọ́, ó ní kí n bá òun ka lẹ́tà ọmọ òun. Ọmọ náà ń ráhùn pé ìbọ̀sẹ̀ tó dé ọwọ́ òun, ẹsẹ̀ kan ló wà níbẹ̀. Mo kà á tán pátá. Mo tún rẹ́rìn-ín síbi tó yẹ kí èèyàn rẹ́rìn-ín sí.

Nígbà tí mo délé, mo gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, mo kan ilẹ̀kùn ara mi. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo dúró díẹ̀, bí òfin ti wí. Lẹ́yìn náà ni mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo wọlé, mo buwọ́ lùwé pé mo ti gbà á lọ́wọ́ ara mi, mo sì tú u.

Ó wà láàyè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fara gbọgbẹ́, ó wà ní ọsibítù àwọn ọmọ ogun. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣòkòtò tí ẹ rán, mo sunkún débi pé ará yàrá kejì wá béèrè bóyá mo ń fọ nǹkan.

Bàbá, bẹ́ ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Ẹ ṣáà kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ọ. Àkọ́kọ́ pè ọ́ ní òpùrọ́. Èkejì ní kí o máa bọ̀ nílé kíákíá. Ẹ̀kẹta jẹ́ ojú ewé mẹ́rin lórí irú obìnrin tó ń wọ ṣòkòtò, mo sì rò pé ó dára gan-an. Ìyá rẹ ní kí n máa ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè sí òun létí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ti gbọ́ ọ lóhùn ara mi, ọwọ́ mi fúnra rẹ̀ á ya á. Bí oṣù ṣe gorí oṣù nìyẹn. Má bínú. Nígbà tí lẹ́tà wáyà yẹn dé, a kò lè jẹun.

Ìyá rẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ó ní ìdí tí òun wẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, kò sí bí òun kò ṣe ní mọ̀ ọ́n bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé. Ó kàn fẹ́ wo iye ọjọ́ tí ògbólógbòó télọ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n ni. Apoògùn ló sún mọ́ òtítọ́ jù mí lọ.

Mo ní ìròyìn ìtìjú mìíràn. Mo gé ṣòkòtò ọmọ ogun méjìlá tí ẹsẹ̀ méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ òsì. Wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà. Lọ́jọ́ yẹn, ìyá rẹ kò bi mí léèrè mọ́. Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó yípo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìfọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ló fàlà, ó gé e. Ọmọ mi, nínú aṣọ tí mo ti ń rí ṣòkòtò mẹ́rin, márùn-ún ló mú jáde. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí níbi tí mo ti ń ba aṣọ jẹ́, tí kò sọ̀rọ̀. Ó ti pe obìnrin méjì ládùúgbò wá, ó fi wọ́n sídìí máṣíìnì.

Ológun tó ń yẹ iṣẹ́ wò wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó gbé ṣòkòtò kan sókè, ó ní, “Ta ló gé èyí? Iṣẹ́ dáadáa ni.” Mo húkọ́. Mo ní, “Ṣọ́ọ̀bù wa ni.” Ìyá rẹ wò mí. N kò rí irú ojú yẹn mọ́ láti ọjọ́ tí mo gbàgbé rẹ sí ibùdókọ̀ nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin.

Fi ìwọ̀n ọkọ rẹ ránṣẹ́ nígbà tó bá dé. Tirẹ̀ gan-an o.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, ogun ti parí

Bàbá mi, màmá mi,

Ọkọ mi ti dé. Ọ̀pá ló fi ń rìn, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ti kúrú ju ọ̀tún lọ. Ó rù. Ó ń dáná nígbà tí mo bá wà níbi iṣẹ́, ó ń jó o, a sì ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo jíṣẹ́ Ìyá Àjà Kẹta fún un. Ó ní àtẹ̀gùn náà ga jù. Mo ní mo mọ̀, mo ti ń gùn ún fún ọdún méjì.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, Oníjìgì kó àwa obìnrin méjèèje tó ń pín lẹ́tà jọ sí yàrá tí a ti ń to lẹ́tà. Ó ní, “Ẹ ti gbìyànjú. Àwọn tó ni iṣẹ́ ti dé.” Ó ní kí a kó fìlà iṣẹ́ sórí tábìlì. Mo bọ́ tèmi, mo gbé e kalẹ̀, mo ní, “Ẹ ṣeun sà.” Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Wọ́n lé mi, mo dúpẹ́. Ó ti di ọjọ́ méje báyìí, mo ṣì ń ronú àwọn nǹkan tí ǹ bá ti sọ.

A kọ ìwé sí i pé kó gbà wá padà, àwa méjèèje buwọ́ lù ú. Oníjìgì gba méjì padà nínú wa fún ojú ọ̀nà orí òkè tí àwọn ọkùnrin tó fara gbọgbẹ́ kò lè gùn. Àwọn méjèèjì kò tíì lọ́kọ. Ó ní àwa tó kù ní ẹni tó ń bọ́ wa. Ọkọ mi mú ọ̀pá, ó lọ bá a fúnra rẹ̀. Ó ní, “Èmi kò lè gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Ojú ọ̀nà mi ni ó ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹ jẹ́ kó máa ṣe é lọ.” Oníjìgì fún un ní iṣẹ́ títẹ òǹtẹ̀ lu lẹ́tà nínú ilé, ó sì gbé ojú ọ̀nà náà fún ọkùnrin kan tí kò dé òpópó wa rí. Ọkọ mi gba iṣẹ́ náà, torí a gbọ́dọ̀ jẹun. Ọjọ́ méjì ni kò lè wojú mi. Mo sọ fún un pé n kò bínú sí i, irọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Mo ti padà sílé alágbàfọ̀. Lánàá, mo bá kóòtù Oníjìgì nínú aṣọ tí wọ́n ní kí n lọ̀. Áyọ́ọ̀nù gbóná lọ́wọ́ mi, kò sí ẹni tó ń wò mí. Mo lọ̀ ọ́ dáadáa, títí dé abẹ́ kọ́là. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Padà lọ bá Oníjìgì. Kí ọkọ rẹ bá ọ lọ, ṣùgbọ́n kí ó jókòó, kí ìwọ sọ̀rọ̀. Bí ó bá tún lé ọ, má dúpẹ́.

N kò ní ẹnu tó bẹ́ẹ̀ láti fi gbà ọ́ nímọ̀ràn, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ dé, mo kà á fún ìyá rẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo bú Oníjìgì bó ti yẹ. Mo ní irú èèyàn wo nìyẹn, tó jẹ́ kí obìnrin gun àtẹ̀gùn fún ọdún méjì, tó wá ní “ẹ ti gbìyànjú.” Ìyá rẹ ń ká téèpù lọ́wọ́. Ó ká a títí ó fi di rogodo, ó gbé e lé orí lẹ́tà rẹ níwájú mi. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Ẹ bá mi ka ibi tó ti ní ‘ẹ ti gbìyànjú’ lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Mo kà á, ohùn mi sì lọ sílẹ̀. Méjì nínú àwọn ọkùnrin mi ti dé láti ojú ogun lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, mo ti sọ fún ìyá rẹ àti àwọn obìnrin méjèèjì pé kí wọ́n lọ sinmi. Ohun tí mo sì sọ fún wọn gẹ́lẹ́ ni pé wọ́n ti gbìyànjú.

Mo gbìyànjú láti gbèjà ara mi. Mo ní tèmi yàtọ̀, torí ilé kan náà ni a ń gbé. Ó mú ìborùn rẹ̀, ó lọ sílé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi wá. Mo fẹ́ sọ fún ọ pé iṣẹ́ bàjẹ́ láìsí i, ṣùgbọ́n kò bàjẹ́. Àwọn ọkùnrin náà ń ṣe é dáadáa. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu nìyẹn, torí mo ń retí kí nǹkan bàjẹ́ kí n lè rí àwáwí tí n ó fi lọ pè é. Nílé, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀: ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́, oúnjẹ yín rèé.

Ní ọjọ́ kẹrin, n kò rí àwáwí kankan, mo wá lọ láìní àwáwí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ̀ lé mi dé ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọkùnrin méjèèjì dá máṣíìnì dúró. Mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí, nídìí tábìlì tí a ti ń gé aṣọ. Mo sọ fún wọn pé kì í ṣe èmi ni mo gé ṣòkòtò tí ológun yẹn yìn, ìyá yìí ni. Pé mo húkọ́ nígbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Pé kò sẹ́ni tó fún mi láṣẹ láti lé e, èmi ni mo lé e, mo sì ṣẹ̀ ẹ́. Mo ní kí òun àti àwọn obìnrin rẹ̀ padà wá, àyè á gba gbogbo wa.

Ìyá rẹ bọ́ ìborùn rẹ̀, ó gbé e kọ́, ó wo aṣọ tó wà nílẹ̀ láti gé.

Ó ní, “Mo ti gbọ́. Ẹ bá mi gbé ìjókòó yín kúrò nídìí tábìlì mi.”

Ọmọ mi, mo gbé e.

Bàbá rẹ, tó ń ṣe ihò bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.